Ẹ̀kán ẹ̀jẹ̀ kan láti gìgísẹ̀ ọmọ tuntun

Ní ilẹ̀ Faransé, ọmọ tuntun kì í pé ọ̀sẹ̀ kan láyé kí agbẹ̀bí tó fi abẹ́rẹ́ kékeré gún un ní gìgísẹ̀. Ọmọ a ké. Ẹ̀kán ẹ̀jẹ̀ mélòó kan a kán sórí bébà tí ó nípọn, tí ó sì máa ń fa omi mu. Agbẹ̀bí a jẹ́ kí bébà náà gbẹ, a kọ orúkọ ọmọ àti ọjọ́ ìbí rẹ̀ sí i, a sì fi í ránṣẹ́ sí ilé àyẹ̀wò. Ó parí. Ìyá a gbé ọmọ rẹ̀ mọ́ra, ọmọ a sì dákẹ́.

Àwọn ará Faransé ń pe àyẹ̀wò yìí ní “test de Guthrie”. Àwọn ọmọ ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀ àti Tógò tí wọ́n bímọ sí ọ̀hún mọ orúkọ náà. Guthrie kì í ṣe orúkọ àìsàn, kì í sì í ṣe orúkọ oògùn. Orúkọ ènìyàn ni. Robert Guthrie jẹ́ dókítà àti olùwádìí ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà. Wọ́n bí i ní ọdún 1916, ó sì kú ní ọdún 1995.

Àwọn àìsàn kan wà tí ọmọ ń gbé wá láti inú oyún. Ní ọjọ́ tí a bí i, kò sí àmì kankan lára rẹ̀. Ó ń mu ọyàn, ó ń sùn, ara rẹ̀ dá. Nígbà tí àmì bá fi máa hàn, àìsàn náà ti ṣe iṣẹ́ ibi rẹ̀. Yorùbá bọ̀, wọ́n ní òkèèrè ni olójú jíjìn ti ń mẹ́kún sun. Ṣùgbọ́n báwo ni ènìyàn ṣe lè múra sílẹ̀ de ohun tí kò tíì hàn? Ìbéèrè yìí ni Guthrie fi ọ̀pọ̀ ọdún dáhùn. Ìdáhùn rẹ̀ ti gba ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọmọ là káàkiri ayé, ó sì ti dé ìlú Kútọnu.

Ohun tí àìsàn náà ń ṣe nínú ara

Àìsàn tí Guthrie kọ́kọ́ dojú kọ ni a ń pè ní phénylcétonurie. Orúkọ náà gùn, nítorí náà àwọn dókítà gé e kúrú sí PCU. Kò wọ́pọ̀. Láàárín àwọn aláwọ̀ funfun, ó tó bí ọmọ kan nínú 10,000 tí ó ń bá a wáyé. Láàárín àwọn aláwọ̀ dúdú, ó tún ṣọ̀wọ́n ju bẹ́ẹ̀ lọ. Síbẹ̀, àìsàn tí ó ṣọ̀wọ́n yìí ni ó la ọ̀nà fún ìtọ́jú àìsàn mìíràn tí ó wọ́pọ̀ gan-an ní ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀ àti Tógò.

Ẹran, ẹja, ẹyin, wàrà àti ẹ̀wà jẹ́ oúnjẹ amúaradàgbà. Bí a bá jẹ wọ́n, inú a fọ́ wọn sí wẹ́wẹ́. Ọ̀kan nínú àwọn wẹ́wẹ́ yìí ń jẹ́ phénylalanine. Ara nílò díẹ̀ nínú rẹ̀ kí ọmọ tó lè dàgbà. Èyí tí ó bá ṣẹ́kù, ẹ̀dọ̀ ni ó ń sọ ọ́ di ohun mìíràn tí ara lè lò.

Ẹ jẹ́ kí a fi í wé iṣẹ́ àwọn tí ń ṣe epo pupa. Ẹyìn ń ti oko dé, wọ́n ń sè é, wọ́n ń gún un, wọ́n ń fún un, epo sì ń jáde. Bí ẹni tí ń fún epo kò bá sí mọ́, tí ẹyìn kò sì yé dé, ẹyìn yóò kún ilé, yóò jẹrà, yóò sì ba àyíká jẹ́. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni PCU rí. Òṣìṣẹ́ tí ó yẹ kí ó wà nínú ẹ̀dọ̀ kò sí, tàbí kò lè ṣiṣẹ́. Phénylalanine ń pọ̀ sí i nínú ẹ̀jẹ̀, ó ń dé inú ọpọlọ, ó sì ń ba ọpọlọ ọmọ náà jẹ́ díẹ̀díẹ̀.

Nígbà tí ọmọ wà nínú oyún, ẹ̀jẹ̀ ìyá rẹ̀ ń bá a gbé àpọ̀jù náà lọ. Ìdí nìyí tí ara rẹ̀ fi dá ṣáṣá ní ọjọ́ ìbí. Láti ìgbà tí ó bá ti ń mu ọyàn ni ìkójọ náà ti bẹ̀rẹ̀. Lẹ́yìn oṣù mélòó kan, òbí a rí i pé ọmọ kò jókòó lásìkò, kò dáhùn bí a bá pè é, kò sì sọ̀rọ̀ bí ẹgbẹ́ rẹ̀. Gìrì a máa gbé àwọn kan nínú wọn. Ìtọ̀ wọn a sì máa ní òórùn àjèjì.

Owó ẹyọ méjì

Ta ni ó fa àìsàn náà? Kò sí ẹni tí ó fà á. Àjogúnbá ni.

Fún iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan tí ara ń ṣe, olúkúlùkù ènìyàn ni ó ní ìlànà méjì nínú ara rẹ̀. Ọ̀kan wá láti ọ̀dọ̀ baba, ọ̀kan wá láti ọ̀dọ̀ ìyá. Bí ọ̀kan bá bàjẹ́, tí èkejì sì dára, èyí tí ó dára tó láti ṣe iṣẹ́ náà. Ẹni náà kò ní ṣàìsàn. Kò tilẹ̀ ní mọ̀ pé nǹkan kan wà. Ṣùgbọ́n bí irú ẹni bẹ́ẹ̀ méjì bá fẹ́ ara wọn, ewu wà fún àwọn ọmọ wọn.

Ẹ fi ojú inú wo ọkọ àti aya náà, kí olúkúlùkù wọn mú owó ẹyọ kan lọ́wọ́. Nígbàkigbà tí oyún bá dúró, àwọn méjèèjì a da owó ẹyọ wọn sílẹ̀. Bí ẹyọ bá ṣí, ìlànà tí ó dára ni ó bọ́ sí ọmọ lọ́wọ́. Bí ẹyọ bá dojú dé, èyí tí ó bàjẹ́ ni. Ọ̀nà mẹ́rin ni ẹyọ méjì lè gbà ṣubú. Méjèèjì lè ṣí. Ti baba lè ṣí, kí ti ìyá dojú dé. Ti ìyá lè ṣí, kí ti baba dojú dé. Méjèèjì sì lè dojú dé. Nínú ọ̀nà mẹ́rin yìí, èyí tí ó kẹ́yìn nìkan ni ó ń mú àìsàn wá. Oyún kọ̀ọ̀kan ni wọ́n sì ń da ẹyọ tuntun. Bí ọmọ àkọ́kọ́ bá ṣàìsàn, kò túmọ̀ sí pé àwọn mẹ́ta tí ó tẹ̀lé e ti bọ́ nínú ewu.

Nítorí náà, ìyá kò jẹ èèwọ̀. Baba kò ṣẹ ẹnikẹ́ni. Kò sí ìdí láti wá àjẹ́ nínú ẹbí. Ìlànà kan náà ni drépanocytose ń tẹ̀lé, àìsàn tí Yorùbá ń pè ní fòní-kú-fọ̀la-dìde. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ ń bọ̀ níwájú.

Ìyá tí kò yé béèrè

Ní ọdún 1934, ìyá kan mú ọmọ rẹ̀ méjì lọ sọ́dọ̀ dókítà kan ní ìlú Oslo, ní orílẹ̀-èdè Nọ́wè. Ọ̀kan jẹ́ obìnrin, èkejì jẹ́ ọkùnrin. Ọpọlọ àwọn méjèèjì kò dàgbà bí ó ti yẹ. Ìyá náà ti kan ilẹ̀kùn ọ̀pọ̀ dókítà, kò sì rí ẹni tí ó lè sọ ohun tí ń ṣe àwọn ọmọ náà fún un. Ṣùgbọ́n ó ti ṣàkíyèsí ohun kan tí àwọn ẹlòmíràn kò kà sí: ìtọ̀ àwọn ọmọ náà ní òórùn kan tí kì í tán.

Dókítà tí ó lọ bá ní Oslo ni Asbjørn Følling. Ó mọ iṣẹ́ ìṣègùn, ó sì mọ ìmọ̀ kẹ́míkà. Bí kò bá ní ìdí, obìnrin kì í jẹ́ Kúmólú. Følling kò fojú kéré ọ̀rọ̀ ìyá náà. Ó gba ìtọ̀ náà, ó sì kán èròjà onírin kan sí i, irú èyí tí àwọn dókítà ìgbà náà fi ń yẹ ìtọ̀ àwọn alárùn àtọ̀gbẹ wò. Ó retí pé kí ó pọ́n. Àwọ̀ ewé ni ó rí. Kò rí irú rẹ̀ rí.

Ó ní kí ìyá náà dá gbogbo oògùn àwọn ọmọ náà dúró, kí ó má baà jẹ́ pé oògùn ni ó fa àwọ̀ náà. Àwọ̀ ewé náà kò kúrò. Ó wá ní kí obìnrin náà máa gbé ìtọ̀ wá sí i. Obìnrin náà gbé e wá títí ó fi tó bí lítà 20. Følling fi sùúrù yọ ohun àjèjì tí ó wà nínú rẹ̀, títí ó fi mọ ohun tí í ṣe. Ó rí i pé ó tan mọ́ phénylalanine.

Lẹ́yìn náà, ó yẹ ìtọ̀ ènìyàn 430 wò, àwọn tí ọpọlọ wọn kò pé tí wọ́n wà ní àwọn ilé ìtọ́jú. Ó rí àwọn 8 mìíràn tí ìtọ̀ wọn di àwọ̀ ewé. Nínú ọdún 1934 kan náà ni ó tẹ ìwádìí rẹ̀ jáde. Ayé wá mọ̀ pé oúnjẹ tí ara kò lè lò bí ó ti yẹ lè ba ọpọlọ ọmọ jẹ́. Ṣùgbọ́n ìmọ̀ náà kò tíì mú ìwòsàn wá. Følling kò ní ohun tí ó lè fún àwọn ọmọ méjèèjì náà.

Oúnjẹ tí ó di oògùn

Ọdún 17 kọjá. Ní ọdún 1951, ìyá mìíràn gbé ọmọbìnrin rẹ̀ wá sí ilé ìwòsàn àwọn ọmọdé ní Birmingham, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ọmọ náà kò lè dúró, kò lè rìn, kò sì sọ̀rọ̀. Ó ń sunkún ṣáá, ó sì ń fi orí gbá nǹkan. Horst Bickel, dókítà ọmọ ilẹ̀ Jámánì tí ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀, yẹ ọmọ náà wò. Ó sọ fún ìyá rẹ̀ pé PCU ni, àti pé kò sí ìwòsàn fún un. Ìyá náà kò gbà. Ní àràárọ̀ ni ó ń dúró de dókítà lẹ́nu ọ̀nà yàrá àyẹ̀wò, tí ó ń béèrè ìgbà tí wọn yóò wá nǹkan ṣe sí ọ̀rọ̀ ọmọ òun.

Bickel àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, Evelyn Hickmans àti John Gerrard, pinnu láti gbìyànjú. Onímọ̀ kan ní London, Louis Woolf, ti dá àbá kan: bí phénylalanine bá ni ó ń ba ọpọlọ jẹ́, kí a yọ ọ́ kúrò nínú oúnjẹ. Wọ́n mú amúaradàgbà inú wàrà, wọ́n fọ́ ọ sí wẹ́wẹ́, wọ́n sì fi èédú sẹ́ ẹ títí phénylalanine fi kúrò nínú rẹ̀. Oúnjẹ náà kò dùn lẹ́nu, ṣùgbọ́n òun ni wọ́n fi bọ́ ọmọ náà. Lẹ́yìn oṣù mélòó kan, ó bẹ̀rẹ̀ sí rá, ó sì ń gbìyànjú láti dúró. Ojú rẹ̀ là. Kò fi orí gbá nǹkan mọ́.

Àwọn dókítà fẹ́ mọ̀ dájú pé oúnjẹ náà ni ó ṣe iṣẹ́ yìí. Wọ́n dá phénylalanine padà sínú oúnjẹ ọmọ náà láìsọ fún ìyá rẹ̀. Kò pẹ́ tí ara ọmọ náà fi padà sí bí ó ti wà tẹ́lẹ̀. Nígbà tí wọ́n tún yọ ọ́ kúrò, ara rẹ̀ tún bẹ̀rẹ̀ sí bọ̀ sípò. Lónìí, kò sí dókítà tí ó ní ẹ̀tọ́ láti ṣe irú ìdánwò bẹ́ẹ̀ láìgba àṣẹ òbí. Ṣùgbọ́n ẹ̀rí ti dé. Wọ́n tẹ ìwádìí náà jáde ní ọdún 1953.

Ohun kan kù tí ó dunni. Ìtọ́jú náà ti pẹ́ jù fún ọmọ náà. Oúnjẹ yìí lè dáàbò bo ọpọlọ tí kò tíì bàjẹ́, kò lè tún èyí tí ó ti bàjẹ́ ṣe tán. Ó wá hàn pé ọmọ gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀ oúnjẹ náà láti ọ̀sẹ̀ mélòó kan àkọ́kọ́ láyé. Ta ni yóò sì mọ ọmọ tí ó yẹ kí a fún, nígbà tí ara gbogbo wọn dá ní ọjọ́ ìbí?

Dókítà tí òun náà jẹ́ baba

Ní àkókò yìí, àrùn jẹjẹrẹ ni Robert Guthrie ń ṣe ìwádìí lé lórí ní ìlú Buffalo, ní ìpínlẹ̀ New York. Ó mọ̀ nípa àwọn kòkòrò tín-tìn-tín tí ojú lásán kò lè rí. Ó máa ń lò wọ́n láti fi yẹ ẹ̀jẹ̀ àwọn aláìsàn wò.

Nínú ilé rẹ̀, Guthrie ní ọmọkùnrin kan tí ọpọlọ rẹ̀ kò dàgbà bí ti ẹgbẹ́ rẹ̀. Kì í ṣe PCU ni ó ṣe é. Guthrie àti ìyàwó rẹ̀ darapọ̀ mọ́ ẹgbẹ́ àwọn òbí tí wọ́n ní irú ọmọ bẹ́ẹ̀. Ibẹ̀ ni ó ti pàdé Robert Warner, dókítà tí ń tọ́jú àwọn ọmọ tí ó ní PCU. Ní ọdún 1957, Warner sọ ìṣòro rẹ̀ fún un. Kí ó tó lè mọ̀ bóyá oúnjẹ àkànṣe náà ń ṣiṣẹ́, ó ní láti wọn phénylalanine inú ẹ̀jẹ̀ ọmọ. Ọ̀nà tí wọ́n fi ń wọ̀n ọ́n nígbà náà ṣòro, ó sì ń gba ẹ̀jẹ̀ púpọ̀. Ṣé Guthrie lè wá ọ̀nà tí ó rọrùn? Guthrie rántí àwọn kòkòrò rẹ̀, ó sì rí ọ̀nà.

Ní ọdún 1958, ọ̀rọ̀ náà wọ inú ẹbí rẹ̀. Arábìnrin ìyàwó rẹ̀ ní ọmọbìnrin kan tí kò dàgbà bí ó ti yẹ. Nígbà tí ọmọ náà pé oṣù 15, wọ́n rí i pé PCU ni ó ní. Ó ti pẹ́ jù. Oúnjẹ tí ì bá gbà á sílẹ̀ ti wà láyé kí wọ́n tó bí i, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí ó mọ̀ pé ó nílò rẹ̀. Láti ìgbà náà ni Guthrie ti pinnu pé kò tó láti wọn ẹ̀jẹ̀ àwọn ọmọ tí a ti mọ̀ pé wọ́n ń ṣàìsàn. Gbogbo ọmọ tuntun ni ó yẹ kí a yẹ̀ wò, kí àmì tó jáde. Ó fi iṣẹ́ àrùn jẹjẹrẹ sílẹ̀, ó sì gbájú mọ́ èyí.

Kòkòrò tí ń jẹ́rìí

Àyẹ̀wò kan ti wà ṣáájú. Wọn a kán èròjà onírin Følling sórí aṣọ ìdí ọmọ, wọn a sì wò ó bóyá yóò di àwọ̀ ewé. Àbùkù rẹ̀ ni pé ìtọ̀ kì í fi àmì hàn títí ọmọ yóò fi pé ọ̀sẹ̀ mélòó kan, nígbà tí ìbàjẹ́ ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ ní tirẹ̀ ń fi àmì hàn láàárín ọjọ́ mélòó kan péré.

Báyìí ni àyẹ̀wò Guthrie ṣe ń ṣiṣẹ́. Wọn a wá àwo pẹrẹsẹ kan, wọn a da ohun kan sí i tí ó dì bí ẹ̀kọ. Inú ohun dídì yìí ni wọ́n ń gbin àwọn kòkòrò tín-tìn-tín kan sí, tí kì í ṣe ènìyàn ní ibi. Wọn a sì fi èròjà kan sí i tí kò ní jẹ́ kí kòkòrò náà lè pọ̀ sí i. Phénylalanine púpọ̀ nìkan ni ó lè borí èròjà náà. Wọn a wá lu bébà ẹlẹ́jẹ̀ ọmọ kọ̀ọ̀kan ní ihò, wọn a mú èyí tí ó jábọ́, tí ó rí roboto, wọn a tò wọ́n sórí ohun dídì náà ní ìlà ní ìlà. Wọn a fi àwo náà síbi tí ó lọ́ wọ́ọ́rọ́ di ọjọ́ kejì.

Bí ẹ̀jẹ̀ ọmọ bá dára, nǹkan kan kò ní ṣẹlẹ̀. Bí phénylalanine bá pọ̀ jù nínú rẹ̀, àwọn kòkòrò a pọ̀ yí bébà roboto náà ká, wọn a sì ṣe òrùka kan tí ojú lè rí. Bí òrùka náà bá ti fẹ̀ tó ni phénylalanine ṣe pọ̀ tó. Kò gba ẹ̀rọ olówó ńlá. Ẹ̀jẹ̀ ọ̀pọ̀ ọmọ ni a lè yẹ̀ wò pa pọ̀ nínú àwo kan ṣoṣo.

Ṣùgbọ́n ohun tí ó ṣe pàtàkì jù ni bébà náà. Ẹ̀jẹ̀ tí ó wà nínú ìgò a máa bàjẹ́, ó ń fẹ́ òtútù àti ìtọ́jú. Ẹ̀jẹ̀ tí ó gbẹ sórí bébà kò nílò gbogbo ìyẹn. A lè fi í sínú àpòòwé, kí a fi í ránṣẹ́ bí lẹ́tà. Ọmọ tí a bí sí abúlé tí ó jìnnà lè rí àyẹ̀wò kan náà pẹ̀lú ọmọ tí a bí sí olú ìlú.

Ìjà láti mú un dé ọ̀dọ̀ gbogbo ọmọ

Guthrie àti Ada Susi tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́ tẹ ọ̀nà àyẹ̀wò náà jáde ní ọdún 1963. Kí ó tó di ìgbà náà, wọ́n ti ń dán an wò káàkiri Amẹ́ríkà. Àwọn ọmọ tuntun tí wọ́n yẹ̀ wò lé ní 400,000, ní ìpínlẹ̀ 29. Àyẹ̀wò náà rí àwọn ọmọ tí ó ní PCU kí ọpọlọ wọn tó bàjẹ́.

Kì í ṣe gbogbo ènìyàn ni inú wọn dùn sí i. Àwọn dókítà kan ní àìsàn náà ṣọ̀wọ́n jù láti máa gún gbogbo ọmọ ní abẹ́rẹ́ nítorí rẹ̀. Àwọn mìíràn ní kò yẹ kí ìjọba máa pàṣẹ fún dókítà. Àwọn òbí kò gbà fún wọn. Ẹgbẹ́ wọn lọ bá àwọn aṣòfin ní ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Ìpínlẹ̀ Massachusetts ni ó kọ́kọ́ yẹ gbogbo ọmọ tuntun rẹ̀ wò, àwọn ìpínlẹ̀ mìíràn sì tẹ̀lé e.

Guthrie kò gba kọ́bọ̀ lórí àyẹ̀wò náà. Nígbà tí ilé iṣẹ́ kan fẹ́ máa ta àwọn ohun èlò rẹ̀ ní owó gọbọi, ó kọ̀ jálẹ̀. Ó ń ti orílẹ̀-èdè kan lọ sí òmíràn láti kọ́ àwọn ẹlòmíràn bí a ti ń ṣe é. Ní ilẹ̀ Faransé, ọdún 1972 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ ètò náà.

Ìtọ́jú PCU kò rọrùn. Ọmọ náà kò gbọdọ̀ jẹ ẹran, ẹja tàbí ẹyin. Wọn a máa wọn ìwọ̀nba wàrà tàbí ọyàn tí ó lè mu. Oúnjẹ àkànṣe ni yóò máa jẹ, ó sì yẹ kí ó máa bá a lọ títí ọjọ́ ayé. Obìnrin tí ó ní i gbọ́dọ̀ ṣọ́ra púpọ̀ nígbà oyún, kí àpọ̀jù inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ má baà pa ọmọ inú rẹ̀ lára. Ṣùgbọ́n ọmọ tí ó bá tètè bẹ̀rẹ̀ ìtọ́jú a dàgbà, a lọ sí ilé ẹ̀kọ́, a ṣiṣẹ́, a sì bímọ bí àwọn ẹlòmíràn.

Láti Buffalo dé Kútọnu

Nígbà tí bébà ti wà nílẹ̀, ìbéèrè mìíràn dìde. Àìsàn mìíràn wo ni ẹ̀kán ẹ̀jẹ̀ kan náà lè fi hàn? Ní ọdún 1973, Guthrie àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Buffalo, lábẹ́ ìdarí Michael Garrick, fi hàn pé ẹ̀jẹ̀ tí ó gbẹ sórí bébà lè fi drépanocytose hàn pẹ̀lú.

Àìsàn yìí kò ṣàjèjì sí ẹnikẹ́ni ní Kétu, Ṣábẹ̀ẹ́ tàbí Àjàṣẹ́. Ẹ̀jẹ̀ pupa tí ó yẹ kí ó rí roboto a máa tẹ̀ bí dòjé. A dí ọ̀nà ẹ̀jẹ̀, egungun a máa ro ọmọ goorogo. Bíi ti PCU, kì í hàn ní ọjọ́ ìbí. Irú ẹ̀jẹ̀ kan tí ọmọ ń lò láti inú oyún ń dáàbò bò ó fún oṣù mélòó kan. Nígbà tí ẹ̀jẹ̀ yẹn bá tán ni ìyọnu ń bẹ̀rẹ̀. Ọ̀pọ̀ irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ni àkóràn ń pa kí ẹnikẹ́ni tó mọ ohun tí ń ṣe wọ́n. Àwọn onímọ̀ kan gbà pé púpọ̀ nínú àwọn ọmọ tí a pè ní àbíkú láyé àtijọ́, àìsàn yìí ni ó pa wọ́n.

Àwọn kan béèrè pé: kí ni àǹfààní àyẹ̀wò, nígbà tí kò sí oògùn tí ń wo àìsàn náà sàn? Marilyn Gaston, dókítà obìnrin aláwọ̀ dúdú ní Amẹ́ríkà, dá wọn lóhùn ní ọdún 1986. Òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ń fún àwọn ọmọdé tí ó ní drépanocytose ní pénicilline lójoojúmọ́, kí àkóràn tó dé. Oògùn náà kò wọ́n. Àkóràn tí ó le fi 84 nínú 100 dín kù láàárín wọn. Ṣùgbọ́n kí a tó lè bẹ̀rẹ̀ oògùn náà lásìkò, a gbọ́dọ̀ ti mọ ọmọ tí ó nílò rẹ̀. Ibi tí Guthrie dé lórí PCU ni Gaston náà dé lórí drépanocytose.

Ní Kútọnu, Ọ̀jọ̀gbọ́n Mohamed Cherif Rahimy àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ irú iṣẹ́ yìí ní ọdún 1993. Wọ́n ń yẹ ẹ̀jẹ̀ ọmọ tuntun wò. Bí ọmọ bá ní drépanocytose, wọn a pe àwọn òbí, wọn a kọ́ wọn ní ohun tí àìsàn náà jẹ́ àti àmì ewu rẹ̀. Wọn a fún ọmọ ní pénicilline, wọn a dáàbò bò ó lọ́wọ́ ibà, wọn a sì máa wo bí ó ṣe ń jẹun àti bí ó ṣe ń dàgbà. Ní ọdún 2003, wọ́n tẹ ìwádìí kan jáde lórí irú ìtọ́jú yìí. Ó fi hàn pé àwọn ọmọ náà kò fi bẹ́ẹ̀ dùbúlẹ̀ ní ilé ìwòsàn mọ́, a kò fi bẹ́ẹ̀ fa ẹ̀jẹ̀ sí wọn lára mọ́, wọ́n sì ń dàgbà dáadáa ju ti àtẹ̀yìnwá lọ. Gbogbo èyí ṣẹlẹ̀ ní ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀, pẹ̀lú oògùn tí ó wà ní ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀.

Ohun tí ó kù láti ṣe

Kì í ṣe gbogbo ọmọ tuntun ní Bẹ̀nẹ̀ àti Tógò ni ó ń rí àyẹ̀wò yìí gbà. Ní ilẹ̀ Faransé, láti oṣù kọkànlá ọdún 2024, gbogbo ọmọ tuntun ni a ń yẹ̀ wò fún drépanocytose. Ibi tí àìsàn náà ti wọ́pọ̀ jù ni àyẹ̀wò náà ti ṣọ̀wọ́n jù.

Ní báyìí ná, ohun kan wà tí àwọn òbí àti àwọn tí ń múra ìgbéyàwó lè ṣe. Kí ọkùnrin àti obìnrin lọ fún àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ tí a ń pè ní électrophorèse, kí wọ́n lè mọ̀ bóyá AA, AS, AC tàbí irú mìíràn ni wọ́n. Ẹni tí ó jẹ́ AS kì í ṣe aláìsàn, kò sì yẹ kí ojú tì í. Bí àwọn méjèèjì bá jẹ́ AS, tàbí tí ọ̀kan jẹ́ AS tí èkejì jẹ́ AC, kí wọ́n sọ fún agbẹ̀bí láti ìgbà oyún, kí wọ́n sì béèrè ibi tí wọ́n ti lè yẹ ọmọ náà wò ní kété tí a bá bí i. Kí wọ́n má dúró de ìgbà tí ọwọ́ tàbí ẹsẹ̀ ọmọ yóò wú, tàbí tí egungun yóò bẹ̀rẹ̀ sí ro ó.

Bí ìyá bá rí ohun tí kò yé e lára ọmọ rẹ̀, ì báà ṣe òórùn, ì báà ṣe àwọ̀, ì báà ṣe ẹkún tí kò dáwọ́ dúró, kí ó sọ ọ́ fún dókítà. Bí wọn kò bá dá a lóhùn lónìí, kí ó tún padà lọ lọ́la. Ìyá tí ó gbé ìtọ̀ lọ sí Oslo kì í ṣe dókítà. Èyí tí ó ń dúró lẹ́nu ọ̀nà ní Birmingham kì í ṣe onímọ̀. Àwọn ọmọ tiwọn kò jẹ nínú èrè ìbéèrè wọn tó bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ọmọ tí a bá yẹ̀ wò ní Kútọnu ní òwúrọ̀ òní ń jẹ nínú rẹ̀.